Ibi Tí Ẹnìkan Kì í Ti Fìdí Rẹmi

"Ibi tí máàkì ti wọ́n bí ojú ni o fẹ́ rán ọmọ yìí lọ? Doming, ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Àǹtí Nening tu egungun ẹja sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ó sì kọjú sí àbúrò rẹ̀ dáadáa. Ìrẹsì ti tutù níwájú gbogbo wọn. Doming, apẹja tí oòrùn òkun ti sun ara rẹ̀ dúdú, kò gbójú sókè. Ó ní yunifásítì ìjọba nìyẹn lórí òkè, tí ènìyàn lè máa wo òrùlé rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ní ìlú etíkun Miagao. Ó ní Rhodalyn, ọmọ òun, ti yege nínú ìdánwò àtiwọlé tí ọ̀pọ̀ ọmọ olówó ṣe tí wọn kò yege. Ó ní ìjọba ló ń sanwó níbẹ̀. Ó sọ ọ́ tán, ó tún mú ṣíbí rẹ̀.

"Ọ̀fẹ́ ni, mo gbọ́," ni Àǹtí Nening dáhùn. "Ẹkún náà, ọ̀fẹ́ ni. Ṣé o ti gbàgbé ọmọ Ambo? Láti kékeré, kò sẹ́ni tó ṣíwájú ẹ̀ ní kíláàsì rí. Ó débẹ̀ tán, máàkì tí wọ́n fún un, àfi kó máa fọwọ́ bò ó. Nígbà tó gbé e dé iléèwé ìṣègùn, ta ló wojú ẹ̀? Wọn kì í bi ọ́ pé ṣé ibi tó o ti wá le o. Máàkì ni wọ́n ń wò. Máàkì!"

Kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì ní Jeddah títí irun rẹ̀ fi funfun, òun nìkan ló sì kọ́ ilé alájà nínú ìdílé wọn. Bí òun bá sọ̀rọ̀ nípa ilé ìwòsàn, àwọn yòókù a máa gbọ́ ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, ènìyàn kì í ṣàdédé bọ́ sí iléèwé ìṣègùn. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba oyè kan níbòmíràn, kí ó sì gbé máàkì ibẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn àwọn oníṣègùn. Ilẹ̀kùn náà kéré, èrò ẹnu rẹ̀ pọ̀.

"Ìyàwó," ó yíjú sí Salving, aya àbúrò rẹ̀, "ìwọ ńkọ́? Ọmọ tìẹ náà ni."

Salving gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. Ahunṣọ ni, ìdí òfì ni ó ti ń gbọ́ bùkátà láti ìgbà tó ti dàgbà, kò sì mọ ohun kan nípa yunifásítì ju pé ó wà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò tíì sọ fún ọkọ rẹ̀. Nígbà tó gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní ìlú Iloilo, ó kọjá níwájú Kọ́lẹ́ẹ̀jì Santa Eulogia, ó sì rí bánà kan tó gùn láti òrùlé dé ibi tí orí ènìyàn mọ. Àwòrán àwọn ọmọ tó wọ aṣọ funfun ló kún inú rẹ̀, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kà, èyí tí àwọn tó fẹ́ ṣe dókítà sábà máa ń gbà wọlé. Bánà náà sọ pé gbogbo wọn pátápátá ló yege nínú ìdánwò ìjọba tó ń fún ni níwèé àṣẹ iṣẹ́, pé kò ku ẹyọ kan. Salving dúró nínú oòrùn, ó ń wo eyín wọn.

"Mo rí ilé-ẹ̀kọ́ kan," ó wí nígbẹ̀yìn. "Níbẹ̀, ẹnìkan kì í fìdí rẹmi."

"Santa Eulogia!" Àǹtí Nening lu tábìlì. "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ní làákàyè. Bó bá jẹ́ ti owó, èmi náà wà láyé."

Wọ́n wá bi Rhodalyn fúnra rẹ̀ léèrè. Ọmọ aláwàdà ni. Ó máa ń sín àlùfáà jẹ títí ìyá rẹ̀ yóò fi máa fi ẹ̀rín bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ó na ọwọ́ sí ẹja tó kù nínú àwo bàbá rẹ̀.

"Èmi? Ibi tí oúnjẹ bá ti dùn jù ni kí ẹ fi mí sí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Doming. Bí wọ́n ṣe yan Santa Eulogia nìyẹn.

* * *

Salving hun aṣọ lọ́dún náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Doming bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá ṣiṣẹ́, ó ń lọ sójú òkun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí Nening ń fi tirẹ̀ kún un. Bí Salving bá gbé ẹja gbígbẹ àti ìrẹsì wọ ọkọ̀ jípù akérò lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Iloilo, a máa rìn gba iwájú bánà náà kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ jìn díẹ̀.

Rhodalyn ń gba máàkì tó dára. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi mọ̀ pé dídára nìkan kò tó níbẹ̀. Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń to àwọn ọmọ kíláàsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn a sì já àwọn tó wà nísàlẹ̀ sílẹ̀. Kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá wọ́n yege tàbí wọn kò yege. Bí gbogbo wọn bá gba ọgọ́rin, ẹni tó gba ọgọ́rin ó dín ẹyọ kan ni yóò di ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ọmọ ń tọ́jú ìwé ilé ìkàwé sábẹ́ ìwé mìíràn kí ẹlòmíràn má rí i. Ẹnìkan lọ pààrọ̀ àmì tó wà lára ìgò ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò. Rhodalyn sọ èyí fún ìyá rẹ̀, ó ń retí pé yóò pariwo. Salving kò pariwo. Ó ní, "Ìwọ sáà ṣọ́ ìgò tìẹ."

Berna ni ọ̀rẹ́ Rhodalyn, ọmọ ará Oton. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, yàrá wọn dojú kọra. Berna ló máa ń fi tìróò sí Rhodalyn lójú lọ́jọ́ Àìkú, tí yóò ní kó rọra máa ṣẹ́jú kí ó má baà jọ olóògbé. Lọ́dún kejì, ibà ẹ̀fọn gbé Berna dè. Ó padà sílé. Nígbà tó dé, ìdánwò ti sún mọ́, kò sì ní àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ti kọ́. Ọjọ́ tó wá béèrè, Salving wà níbẹ̀, ó ń kó ẹja jáde nínú apẹ̀rẹ̀. Rhodalyn wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó pín yàrá náà sí méjì, ó ń fọ irun.

"Ẹ káàsán, Mà. Dalyn dà?" Ojú Berna ṣì wọ inú. "Mo fẹ́ yá àkọsílẹ̀ ẹ̀ ni. Ọjọ́ méjì péré."

Salving wo ọmọ náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó sì ń ronú pé bí ẹnìkan bá wà nísàlẹ̀, ẹlòmíràn kò ní í sí níbẹ̀.

"Ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì," ó wí. "Ó jọ pé ó kó àwọn ìwé náà dání."

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, omi dákẹ́. Berna dúró díẹ̀, ó gbọ́ ìdákẹ́ náà, ó ní, "Ó dáa, Mà," ó sì lọ. Nígbà tí Rhodalyn jáde, irun rẹ̀ ń kán sórí ilẹ̀. Kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó jókòó, ó gbé ìwé, ó kọjú sí ògiri. Ní ìparí ọdún, wọ́n já Berna sílẹ̀.

"Ohun tó ń mú kí ilé-ẹ̀kọ́ náà dára nìyẹn," ni Salving sọ fún Doming nígbà tó dé láti ojú òkun. "Wọ́n ń ku ìyàngbò kúrò lára ọkà."

Doming ń tú àwọ̀n. Ó ní, "Ọmọ ta ni ìyàngbò?"

Salving bínú sí i fún ọjọ́ mélòó kan.

* * *

Rhodalyn dé ọdún kẹrin. Ó ti ṣiṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ó sì mọ bí a ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ ọwọ́ tí ọmọ náà kò ní sunkún. Àwọn aláìsàn ń pè é ní Dókítà, òun náà a dáhùn pé, "Ó ku díẹ̀!" Ohun tó kù ni ìdánwò kan tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ ń ṣe kí ó tó yọ̀ǹda ènìyàn láti gba oyè. Bí wọn kò bá yọ̀ǹda rẹ̀, kò sí oyè. Bí kò bá sí oyè, kò sí ìdánwò ìjọba, kò sì sí iléèwé ìṣègùn kankan.

Rhodalyn ṣe é. Ó jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé kó lọ wá aṣọ tó dára fún ọjọ́ ìgboyè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó tún pè, ṣùgbọ́n Salving kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Èémí nìkan ló ń gbọ́. Wọ́n ní kò yege, òun àti ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì.

Ọjọ́ kejì ni Salving wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó mú aṣọ tó dára jù lórí òfì rẹ̀, èyí tí oníbàárà kan ní Manila ti ń dúró dè, ó ká a sínú ọ̀rá, ó sì lọ. Ìyáàfin Belmonte, ọ̀gá ẹ̀ka àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, dìde kí i. Obìnrin oníwà tútù ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè.

"Ẹ jókòó, Ìyá. Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Mà."

"Ọmọ dáadáa ni Rhodalyn. Gbogbo tíṣà ló fẹ́ràn ẹ̀. Ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín."

"Ẹ ṣeun, Mà. Kí ló wá ṣe tó fi fẹ́èlì?"

Ìyáàfin Belmonte rẹ́rìn-ín músẹ́. "A kì í lo ọ̀rọ̀ yẹn níbí. Kò tíì múra tán ni."

"Ọdún mẹ́rin ló fi múra, Mà. Kò ṣubú nínú ìdánwò kankan rí."

"Ìdánwò ìjọba le, Ìyá. Bá a bá jẹ́ kó lọ, tó lọ ṣubú níbẹ̀, ìtìjú ńlá ni fún un. Ààbò la fi bò ó."

"Ṣùgbọ́n kò tíì ṣe tìjọba. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé á ṣubú?"

"Ìdí tá a fi ń gbà á sílẹ̀ nìyẹn. Kó tó ṣubú."

Salving yí ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà ti di ẹja gbígbẹ tí kò ṣeé ká.

"Mélòó ló yẹ kó gbà, Mà? Bóyá bó bá tún un ṣe, á..."

"Kì í dúró sójú kan. A máa ń wo bí gbogbo wọn bá ṣe ṣe é ká tó mọ ibi tá a máa fa ìlà sí."

"Bí gbogbo wọn bá ṣe dáadáa ńkọ́?"

"À á fa ìlà náà sókè." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, báwo la ṣe máa pa orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí mọ́? Orúkọ yẹn lẹ̀yin náà rí tẹ́ ẹ fi mú un wá, àbí?"

Salving gbé ọ̀rá náà sórí tábìlì. Ó tú u. Aṣọ náà tàn ní àwọ̀ ewé àti wúrà. Ìyáàfin Belmonte fi ìka kàn án, ojú rẹ̀ sì tàn pẹ̀lú.

"Ẹ̀yin lẹ hun èyí? Ọwọ́ yín dáa o." Ó ká a padà, ó rọra tì í sọ́dọ̀ Salving. "A kì í gba ẹ̀bùn níbí, Ìyá. Ẹ má bínú."

Ohun tó tán Salving lókun jù lọ nìyẹn. Ì bá ṣe pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, ì bá mọ ibi tí yóò gbà. Yóò ta ìkòkò, yóò lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Nening, yóò bẹ ẹni tó mọ ẹnìkan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin yìí mọ́. Kò sí ibi tí ènìyàn lè dì mú lára rẹ̀.

"Ó lè tún ọdún náà kà," ni Ìyáàfin Belmonte fi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Àyè wà fún un."

Rhodalyn tún ọdún náà kà. Àǹtí Nening ló san owó rẹ̀, gbogbo rẹ̀, láìjẹ́ kí wọ́n bẹ òun; láti ìgbà náà kò tún lu tábìlì nílé wọn mọ́. Ọmọ náà kàwé títí ara rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò náà, máàkì rẹ̀ ga ju ti èṣí lọ. Ìlà náà sì ga ju ti èṣí lọ. Wọ́n ní ó tún ku díẹ̀.

Wọ́n lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì mìíràn ní Iloilo. Wọ́n ní àwọn kì í gba ẹni tó ti dé ọdún ìparí níbòmíràn, àfi kó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìn-ín-ní. Doming bọ́ aṣọ ìpẹja, ó wọ bàtà, ó gun òkè lọ sí yunifásítì ìjọba fúnra rẹ̀ láti lọ béèrè bóyá àyè ọmọ òun ṣì wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fún un ní omi mu, ó ní, "Bàbá, ó ti pẹ́ tí ẹlòmíràn ti jókòó síbẹ̀."

Doming padà wálé, ó bọ́ bàtà náà. Kò sọ fún Salving pé, "Ṣebí mo wí." Salving dúró dè é lálẹ́ náà, àti lọ́jọ́ kejì. Ó fẹ́ kí ó sọ ọ́. Ì bá rí ohun tí yóò fi dá a lóhùn, wọn ì bá jà, afẹ́fẹ́ ì bá wọ ilé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kàn ń tún àwọ̀n ṣe.

Ọdún náà, gbogbo àwọn ọmọ Santa Eulogia tí wọ́n gbà láyè láti ṣe ìdánwò ìjọba ló yege.

* * *

Rhodalyn rí iṣẹ́ sí ilé gíga kan ní Iloilo tí wọ́n ti ń dáhùn ìpè láti òkèèrè. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí gbèsè ilé ìwòsàn wà lọ́rùn wọn ló ń pè wọlé, òun ni yóò sì sọ fún wọn iye tó kù tí wọn kò tíì san. Wọ́n ń bú u. Àwọn mìíràn ń sunkún sí i létí. Bí ènìyàn bá bi Doming pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, a ní, "Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn náà ni," a sì yí ọ̀rọ̀ sí ẹja. Ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, Rhodalyn máa ń wá sílé sùn, a sùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kò sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́.

Ó ń sùn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan nígbà tí aládùúgbò wọn, Ìyá Pasing tó ń ta àkàrà ìrẹsì, mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá. Hazel ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ó ti yege nínú ìdánwò àtiwọlé yunifásítì ìjọba, ó sì fẹ́ ṣe dókítà.

"Ìwọ lo mọ ọ̀nà ibẹ̀, Salving," ni Ìyá Pasing wí, ó ti jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó. "Gbogbo ènìyàn ní máàkì kì í wá bọ̀rọ̀ lókè yẹn. Mo wá ní kí n béèrè Santa Eulogia lọ́wọ́ ẹ. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń fìdí rẹmi níbẹ̀?"

Salving fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ ọ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń to àwọn ọmọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sọ ti ìlà tí wọ́n ń fà sókè, ó sọ ohun tí Ìyáàfin Belmonte wí. Ó sọ ti Berna pàápàá, pẹ̀lú aṣọ ìkélé náà, èyí tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá Pasing ń mi orí, ó ń sọ pé, "Hẹ̀n-ẹ́n. Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Rhodalyn jáde nínú yàrá pẹ̀lú irun rúdurùdu, ó wá omi mu. Hazel dìde fún un.

"Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ó le gan-an ni?"

Rhodalyn wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀. "Má lọ," ó wí, ó gbé ife omi náà, ó padà sínú yàrá.

Àwọn àlejò dúpẹ́, wọ́n sì dìde. Oparun ni wọ́n fi ṣe ògiri ilé náà, ọ̀rọ̀ kì í sá pamọ́ sí i. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ìta ni Salving ti gbọ́ ohùn Ìyá Pasing.

"O ò gbọ́? Ẹni tí orí ẹ̀ ò gbé e ni wọ́n ń dá dúró. Ọmọ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò já a, ìyá ẹ̀ wá ń di ẹ̀bi ru ilé-ẹ̀kọ́. Wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn dé ibi tí tiwọn ò dé ni. Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo wí bẹ́ẹ̀ o, àánú wọn ń ṣe mí."

Salving dìde láti sáré tẹ̀lé wọn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló ní, òun náà ló sì ń sùn nínú yàrá yẹn.

Nígbà tí àkókò ìwọlé tó, Hazel wá dágbére kiri àdúgbò. Ó ti wọ aṣọ funfun Santa Eulogia, ó sì bá a mu. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa gbé e dé ìdíkọ̀ ń dúró lójú títì, ẹrù wà lórí rẹ̀, Ìyá Pasing wà nínú rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ọmọ náà tẹrí ba níwájú Salving, ó ń dúró kí ó na ọwọ́, kí òun lè fi kan iwájú orí òun bí wọ́n ti ń ṣe fún àgbà.

"Ẹ súre fún mi, Mà."

Salving fẹ́ tún kìlọ̀ fún un pé kó má lọ. Ó wo ìyá àgbà tó wà nínú kẹ̀kẹ́, ó wo ọmọ náà.

"Ọlọ́run á ṣọ́ ọ," ó wí, ó sì na ọwọ́ sí i.